Kòǹgò Ta Ni Wọ́n Fi Wọ̀n Ọ́n?

Ní oṣù Èrèlé ọdún 2025, ìyá tí mo máa ń ra gàrí lọ́wọ́ wọn ní ọjà Bódìjà bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò lè fi gbólóhùn kan dáhùn. Wọ́n ti gbọ́ lórí rédíò pé ọ̀wọ́n-gógó ọjà ní Nàìjíríà, tó jẹ́ ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún tó ṣáájú, ti di ìdá 24.48 ní oṣù Ṣẹ́rẹ́. Wọ́n wo àtẹ wọn, wọ́n wò mí, wọ́n ní: "Ọmọ mi, ìwọ tí o ti bá wọn ṣiṣẹ́ ìṣirò rí, kòǹgò ta ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n? Torí kòǹgò tèmi kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko ni àwọn onímọ̀ ìṣirò láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ti fi ń fa ìbéèrè yẹn mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Mo rò ó títí tí mo fi délé, mo sì pinnu pé n ó kọ ìdáhùn mi sílẹ̀ bó ṣe yẹ kí n ti sọ ọ́ fún wọn bí ọjà kò bá kún.

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ọdún mẹ́rin ni mo fi wà lára àwọn tó ń lọ kọ iye owó ọjà sílẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ náà rí lè rò pé kò le: béèrè iye owó, kọ ọ́, máa lọ. Ṣùgbọ́n kòǹgò Ìbàdàn yàtọ̀ sí dẹ́ríkà Èkó, múdù tí wọ́n ń lò ní Àbújá sì yàtọ̀ sí méjèèjì. Kòǹgò méjì tó jọra lójú pàápàá lè má gba iye kan náà, nítorí pé ẹnì kan ti fi òòlù lu ìdí tirẹ̀ wọnú. Oníṣòwò kan a bu gàrí títí yóò fi ga bí òkìtì lórí kòǹgò, èkejì a fi ọwọ́ gé orí rẹ̀ bọrọgidi. Lẹ́yìn ìyẹn ni èènì. Iye owó lè dúró lójú kan fún oṣù mẹ́ta, kí èènì tó ti ń kún àtẹ́lẹwọ́ di ohun tí a fi ìka mẹ́ta mú, kí ó sì wá di "ẹ má bínú, ọjà ò lọ dáadáa". Ọjà ti wọ́n nìyẹn, bẹ́ẹ̀ iye tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù kò yí padà. Ìdí rèé tí wọ́n fi kọ́ wa pé kí a ra gàrí náà gan-an, kí a gbé e sórí ìwọ̀n, kí a sì kọ iye gíráàmù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ iye owó. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀kọ́ yìí kò pilẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá wa, pé ó jẹ́ apá kan nínú àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ti jókòó ṣe ní ibi tó jìnnà sí Bódìjà.

Ní ọdún 1925, ní ìlú Geneva, ni ìpàdé kejì tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, pè fún àwọn onímọ̀ ìṣirò nípa ọ̀rọ̀ iṣẹ́ fẹnu kò lórí ìlànà tí a ó fi máa wọn owó ìgbé ayé. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ ṣe pàtàkì lójú mi. Lónìí, báńkì àpapọ̀ la máa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ bí wọ́n bá ti dárúkọ ọ̀wọ́n-gógó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó oṣù ló kọ́kọ́ kó àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn jọ. Ogun Àgbáyé Kìíní ti sọ owó di yẹpẹrẹ káàkiri Yúróòpù. Òṣìṣẹ́ ń sọ pé kí owó òun máa tẹ̀lé iye owó búrẹ́dì, agbanisíṣẹ́ sì ń béèrè ẹni tó wọn búrẹ́dì náà.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní òṣùwọ̀n tirẹ̀ láti ọdún 1914. Ohun tó wà nínú agbọ̀n rẹ̀, ìyẹn àkójọ ọjà tí wọ́n ń kọ iye owó wọn, wá láti inú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní 1904 nípa bí ìdílé àwọn òṣìṣẹ́ ìgboro ṣe ń náwó, wọn kò sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ títí di ọdún 1947. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba tó mọ ohun tó wà nínú agbọ̀n náà ń fi owó ìrànwọ́ sórí oúnjẹ kí òṣùwọ̀n má baà gòkè jù. Owó ìrànwọ́ yẹn bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, n kò sì ní pè é ní ìwà ibi. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ẹni tó bá ti mọ ohun tí a ó gbé sórí ìwọ̀n lè máa tọ́jú ìyẹn nìkan, kí ohun tó kù sì máa wọ́n lọ láìsí ẹni tó ń kà á.

Ní Èkó, irú ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí iṣẹ́ dúró. Ní oṣù Òkúdù ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, ti ilé ìfìwéránṣẹ́ àti àwọn mìíràn, tí gbogbo wọn lé ní ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún, da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó ju oṣù kan lọ. Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, ni orúkọ tó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ohun tí wọ́n ń jà fún ni COLA, owó tí ìjọba amúnisìn ti fi kún owó oṣù wọn ní 1942 nítorí pé ìgbé ayé ti le. Wọ́n ní ìlérí wà nígbà náà pé bí ọjà bá ń wọ́n sí i, COLA yóò máa gòkè tẹ̀lé e, pé ọjà sì ti gòkè tán láìsí ẹni tó mú ìlérí náà ṣẹ. Ìgbìmọ̀ tí W. Tudor Davies darí ló wá wádìí owó ìgbé ayé, ó sì dámọ̀ràn pé kí wọ́n fi ìdajì COLA kún un. Nígbàkigbà tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wọ̀nyẹn ni mo máa ń rántí. Wọn kò ka ìwé ìṣirò, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń san owó fún wọn kò gbọdọ̀ nìkan di kòǹgò mú.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìdaṣẹ́sílẹ̀ yẹn, ní Montreal, ìpàdé àwọn onímọ̀ ìṣirò ti ILO gbà pé orúkọ náà, "owó ìgbé ayé", kò bá ohun tí wọ́n ń wọ̀n mu dáadáa, ó sì fàyè sílẹ̀ kí a máa pè é ní òṣùwọ̀n iye owó ọjà fún àwọn tó ń rà á. Àwọn mìíràn lè pe ìyẹn ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Lójú tèmi, àtúnṣe tó wúwo ni. Owó ìgbé ayé ń béèrè iye tí ìyá kan nílò kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ má baà rẹ̀yìn sí bí wọ́n ṣe wà lánàá. Iye owó ọjà ń béèrè iye tí ẹrù kan náà tó ń tà lánàá ń tà lónìí. Ìbéèrè kejì rọrùn láti dáhùn, ẹni méjì sì lè fọwọ́ sí ìdáhùn rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni ìyá náà ń béèrè.

Yúróòpù ni mo ti rí i gbangba pé ìlànà wọ̀nyí kò já láti ojú ọ̀run. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ibẹ̀ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Maastricht ní 1992, wọ́n fi í sínú rẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ bá wọn ná owó kan náà, ọ̀wọ́n-gógó rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ju ojú ìwọ̀n kan àtààbọ̀ ga ju ti orílẹ̀-èdè mẹ́ta tó ṣe dáadáa jù lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó lè sọ pé Sípéènì yege tàbí pé Ítálì kùnà, gbogbo wọn ní láti fi kòǹgò kan náà wọn ọjà. Bẹ́ẹ̀ kálukú ló ti ní tirẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, tí owó oṣù, owó ìfẹ̀yìntì àti owó ilé sì ti so mọ́ ọn.

Ibi tí ìjà ti le jù ni ilé. Ẹni tó ń gbé inú ilé ara rẹ̀ kì í san owó ilé fún ẹnikẹ́ni. Ṣé a ó wá sọ pé ibùgbé kò ná an ní kọ́bọ̀? Àwọn ará Jámánì ní kí a wo iye tí ì bá máa san ká ní ó yá irú ilé bẹ́ẹ̀ gbé, kí a sì kà á sí ìnáwó rẹ̀. Òṣùwọ̀n àtijọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, RPI, ń ka èlé orí owó tí wọ́n yá ra ilé. Ìyẹn ní ìṣòro tirẹ̀: bí báńkì àpapọ̀ bá gbé èlé sókè kí ọ̀wọ́n-gógó lè rọlẹ̀, òṣùwọ̀n náà ni yóò kọ́kọ́ gòkè. Faransé àti Sípéènì yọ ọ̀rọ̀ ilé tí ènìyàn ní fúnra rẹ̀ kúrò pátápátá. Àwọn mìíràn ní kí a ka iye owó ilé tuntun bí ìgbà tí ènìyàn ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Kò sí èyí tí kò ní ìdí nínú wọn, kò sì sí èyí tí kì í yí ìṣirò padà, nítorí pé ní Jámánì àwọn tó ń gbé ilé ara wọn kò tó ìdajì, nígbà tó jẹ́ pé ní Sípéènì, nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin ni wọ́n. Ìlànà kan ṣoṣo tó bá Jámánì lára mu lè gbé ìṣirò Sípéènì gba ibòmíràn.

Wọn kò lè yanjú rẹ̀. Ní oṣù Ọ̀wàrà 1995 wọ́n fọwọ́ sí òfin òṣùwọ̀n àjùmọ̀lò, HICP, wọ́n sì gbà pé owó tí ìdílé bá yọ ní ti gidi láti fi ra ohun tí yóò lò nìkan ni àwọn yóò kà. Ilé tí ènìyàn ní fúnra rẹ̀, kí ó dúró síta ná. Ní 2013 wọ́n ṣe òfin mìíràn pé kí àwọn orílẹ̀-èdè máa ṣe òṣùwọ̀n ilé náà lọ́tọ̀, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ní oṣù Agẹmọ 2021, báńkì àpapọ̀ Yúróòpù sọ pé òun fẹ́ kí a máa mú un wọlé díẹ̀díẹ̀. Ó ṣì wà níta bí mo ti ń kọ èyí.

Bàbá mi fi ọdún mọ́kànlá kọ́ ilé kan. Wọn kò yá owó. Bí owó bá ti wọlé, wọ́n á ra àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta, wọ́n á fọ bíríkì díẹ̀ sí i, wọ́n á sì dúró de oṣù mìíràn. Gbogbo wa nílé ló mọ iye tí sìmẹ́ǹtì ń tà, nítorí pé bó bá ti gòkè, ẹran á kéré nínú ọbẹ̀. Nígbà tí mo wá ka ìlànà wọ̀nyí, mo rí i pé sìmẹ́ǹtì ilé bàbá mi kò sí nínú òṣùwọ̀n ẹnikẹ́ni bí ọjà tí ìdílé ń rà. Ní ojú ìlànà, ohun ìní ni wọ́n ń kọ́, ìyẹn kò sì jẹ́ ohun tí ènìyàn ń jẹ tàbí ń lò tán. Mo lóye àlàyé náà, mo sì gbà pé ó tọ̀nà nínú ìṣirò. Síbẹ̀ mo mọ bí ọbẹ̀ wa ṣe rí ní ọdún mọ́kànlá yẹn. Lórílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi bíríkì kọ̀ọ̀kan kọ́lé, ohun tó wà lẹ́yìn òde òṣùwọ̀n tóbi ju bí àwọn tó kọ ìlànà ṣe lè mọ̀ láti Luxembourg, níbi tí iléeṣẹ́ ìṣirò Yúróòpù wà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó jọ pé ó kéré, tó sì ti dá ìjà ńlá sílẹ̀: bí a ṣe ń pa iye owó pọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò tó yàtọ̀ síra. Ẹ mú aláta méjì. Lóṣù yìí, apẹ̀rẹ̀ rodo jẹ́ ₦1,000 lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ àti ₦2,000 lọ́wọ́ ẹnì kejì. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n pààrọ̀: ti àkọ́kọ́ di ₦2,000, ti èkejì di ₦1,000. Ìlànà kan wà tí wọ́n fi orúkọ Carli pè, ará Ítálì kan ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ìlànà yẹn yóò sọ pé ti ẹni àkọ́kọ́ ti di ìlọ́po méjì, ti ẹnì kejì ti di ìdajì, kí a pa méjèèjì pọ̀ kí a sì pín in sí méjì: rodo ti fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n. Bí wọ́n bá tún pààrọ̀ padà ní oṣù kẹta, yóò tún gbé ìdá 25 lé e, yóò sì sọ pé ọjà ti fi ìdá 56 gòkè, nígbà tí àwọn aláta méjèèjì ń ta iye tí wọ́n ń tà níbẹ̀rẹ̀. Ìlànà kejì, ti Jevons ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣe ìsodipúpọ̀ àwọn ìpín náà kí ó tó wá gbòǹgbò wọn: méjì lọ́nà ìdajì jẹ́ ẹyọ kan, ìdáhùn rẹ̀ sì ni pé nǹkan kan kò yí padà. Òfin Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ Carli. RPI ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tọ́jú rẹ̀, ó sì wà lára ohun tó mú kí wọ́n gba ipò òṣùwọ̀n tó kún ojú ìwọ̀n lọ́wọ́ RPI ní 2013. Síbẹ̀, RPI ni wọ́n ṣì fi ń ṣírò èlé orí owó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní England yá, tí ọmọ Yorùbá tó wà nínú wọn kò sì kéré. Ohun tó dà bí eré ọmọ ilé ìwé lórí tábìlì ìpàdé ń yọ owó lápò ẹni tí kò gbọ́ orúkọ Carli rí.

Ní ìparí ọdún 2003, Geneva tún gbàlejò. Ìlànà tí ìpàdé ILO fọwọ́ sí nígbà náà ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣì ń tọ́ka sí. Lórí ọ̀rọ̀ ilé, kò yan ọ̀nà kan; ó ní kí orílẹ̀-èdè wo ohun tí òun fẹ́ fi òṣùwọ̀n ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ohun tí ènìyàn gbìn fúnra rẹ̀: iṣu tí àgbẹ̀ Ṣakí wú lóko rẹ̀ tó sì jẹ, ṣé a ó ka á bí ohun tó rà? Àwọn kan ń pe irú ìlànà tó ń fàyè sílẹ̀ báyìí ní àìlẹ́sẹ̀nílẹ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí n tó rí i pé ẹni tó fẹ́ fi òṣùwọ̀n tún owó oṣù ṣe àti ẹni tó fẹ́ fi darí owó orílẹ̀-èdè kò lè lo agbọ̀n kan náà kó dọ́gba fún wọn. Lórí ohun kan, ìlànà náà kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: ó ní kí orílẹ̀-èdè máa yẹ ìwọ̀n, ìyẹn ìpín, tó fún ọjà kọ̀ọ̀kan nínú agbọ̀n wò, kí ó sì tún un ṣe bó bá yẹ, ó pẹ́ tán, lọ́dún márùn-ún márùn-ún.

Àwọn ará wa lápá ìwọ̀ oòrùn ti wà nínú irú àdéhùn yìí ṣáájú wa. Láti ọdún 1998 ni Benin, Togo àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tó ń ná owó Séfà nínú ẹgbẹ́ UEMOA ti ń ṣe òṣùwọ̀n àjùmọ̀lò. Ó mú kí wọ́n lè fi Cotonou wé Lomé, ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ìlú tí ọjà pọ̀ sí jù ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan nìkan ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń kọ iye owó, fún ìdí èyí, iye tí iṣu ń tà ní Kétu ní Benin tàbí ní Atakpamé ní Togo kò dé inú rẹ̀ nígbà náà. Bí ECOWAS bá fẹ́ kí eco, owó àjùmọ̀ná tí wọ́n ń gbèrò, dìde lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ yìí yóò dé bá Nàìjíríà náà, ó sì yẹ kí a ti mọ ohun tí a ó sọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń béèrè ohun tí àdéhùn wúlò fún nígbà tí ihò pọ̀ tó báyìí nínú rẹ̀, kí ó wo Argentina. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2007, ìjọba ibẹ̀ yọ obìnrin tó ń darí iṣẹ́ òṣùwọ̀n ọjà, Graciela Bevacqua, kúrò nípò. Láti ìgbà náà, iye tí wọ́n ń kéde kéré gan-an sí ohun tí àwọn ènìyàn ń rí ní ọjà, ìjọba sì ń bu owó ìtanràn lé àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tó ń gbé ìṣirò tiwọn jáde. Nítorí pé ìlànà àjùmọ̀ní wà, àjọ IMF lè sọ ní gbangba ní oṣù Èrèlé 2013 pé ìṣirò náà kò bá àdéhùn mu, ó sì fi ìbáwí kàn án, ohun tí kò ṣe rí fún orílẹ̀-èdè kankan lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìjọba mìíràn dé, wọ́n tún òṣùwọ̀n náà ṣe, ìbáwí náà sì kúrò ní oṣù Bélú 2016. N kì í ṣe ẹni tó máa ń yin IMF. Ṣùgbọ́n ìyá kan tó wà ní ọjà Buenos Aires ní ọdún 2010 mọ̀ pé wọ́n ń purọ́ fún òun, kò sì ní ohun tó lè gbé dìde láti fi hàn bí kì í bá ṣe pé ẹnì kan ti kọ bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n sílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo padà sí Bódìjà ní ọ̀sẹ̀ kejì. Mo sọ fún màmá pé ìdá 34.80 àti ìdá 24.48 tí wọ́n gbọ́ kò ti inú kòǹgò kan náà wá. Kòǹgò àtijọ́ ni wọ́n ti fi ọdún 2009 ṣe ìpìlẹ̀ fún, ìyẹn ọdún tí wọ́n ń fi iye owó wé. Ti tuntun, ọdún 2024 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ iye owó rẹ̀ jẹ́ 740 tẹ́lẹ̀, ó ti di 934. Oúnjẹ tí a ń rà lọ sè nílé, tó gba ìdá 51.8 nínú ọgọ́rùn-ún agbọ̀n náà, kò ju nǹkan bí ìdá 40 lọ mọ́, nígbà tí ilé oúnjẹ àti ilé ìtura ti kúrò ní ìdá 1.2 lọ sí 12.9. Mo sọ pé àtúnṣe náà tọ́, pé ó sì pẹ́: ìlànà ní ọdún márùn-ún, a lò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo sọ pé ẹni tó fi méjèèjì wéra tó sì ní ọjà ti rọlẹ̀ ṣì wọ́n lọ́nà ni, àti pé ìdá 24.48 pàápàá túmọ̀ sí pé ọjà ṣì ń gòkè.

Wọ́n gbọ́ mi títí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ yé àwọn, nítorí pé àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ nígboro kì í dáná mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí bóyá wọ́n pe ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò, tàbí nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kí wọ́n tó pààrọ̀ kòǹgò. Mo ṣàlàyé pé wọ́n máa ń yan àwọn ìdílé kan, tí wọ́n á sì bi wọ́n léèrè gbogbo ohun tí wọ́n rà, pé nípa bẹ́ẹ̀ ni ohùn wa fi ń wọ inú agbọ̀n. Wọ́n ní ìyẹn dára fún ẹni tó ń rà. Ẹni tó ń wọ̀n ọ́n fún un ńkọ́? Èmi náà gbà pé ó yẹ kí wọ́n wà níbẹ̀, nítorí pé kò sí onímọ̀ ìṣirò tó mọ ọ̀nà tí ọjà fi ń wọ́n láìyí iye owó padà bíi tiwọn.

Wọ́n wọn kòǹgò gàrí méjì fún mi, wọ́n gé orí rẹ̀, wọ́n sì fi ìka mẹ́ta bù sí i. Wọ́n ní bí mo bá tún rí àwọn tó ń ṣe òṣùwọ̀n náà, kí n bá wọn béèrè bóyá wọ́n ń ka èènì. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.